Kíkà Yàtọ̀ sí Kíkà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún iṣẹ́ méjì. A máa ń ka owó, a sì máa ń ka ìwé. Ẹni tó ń ka ewúrẹ́ tó wọ agbo nírọ̀lẹ́ àti ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn nínú dáńfó, "kà" náà la fi ń sọ ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe. Àwa tí à ń fi kóòdù kíkọ jẹun kò ro ọ̀rọ̀ yìí wò rí, àfi ìgbà tí owó oníbàárà kó wa sí wàhálà. Ìgbà yẹn la tó rí i pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ka kóòdù wa bí ẹni ń ka owó, tí a kò kà á bí ẹni ń ka ìwé.

Ìwé kan la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, àti nọ́ńbà kan tó jáde láti inú rẹ̀. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà la gbé wá sí orí pèpéle lítíréṣọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ènìyàn ló ń kọ kóòdù, ènìyàn mìíràn ló sì ń kà á. Ẹ̀rọ ní tiẹ̀ kò bìkítà bóyá ó dùn ún kà tàbí kò dùn ún kà. Bí gírámà rẹ̀ bá ti tọ̀nà, ẹ̀rọ á ṣe é. Ẹni tó máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ni ìyà máa jẹ. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ àríwísí ni láti bèèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé rẹ̀, kóòdù náà ní ìpín nínú àríwísí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1976 ni Thomas McCabe, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà IEEE Transactions on Software Engineering. Àkọlé rẹ̀ ni "A Complexity Measure." Ìbéèrè tó bí i rọrùn ún lóye. Nígbà náà, bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kí kóòdù má díjú jù, gígùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á ní kí abala kan má ju àádọ́ta ìlà lọ. McCabe ní òfin yìí kò tó. Ó ní kí á mú kóòdù tó jẹ́ àádọ́ta ìlà péré, kí "bí" mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Bí oríta kọ̀ọ̀kan bá ní ọ̀nà méjì, iye ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọlé kí ó sì jáde á lé ní mílíọ̀nù 33. Ta ló fẹ́ dán ọ̀nà mílíọ̀nù 33 wò? Kóòdù náà kúrú lójú, ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni.

Ohun tí McCabe wá dá lábàá ni pé kí á fi ìlà sílẹ̀, kí á ka oríta. Ó fi ìmọ̀ ìṣirò ya kóòdù bí àwòrán ìletò: ibi tí iṣẹ́ ti ń wáyé jẹ́ ojúkò, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ jẹ́ ìlà. Bí ẹ bá yọ iye ojúkò kúrò nínú iye ìlà, tí ẹ sì fi méjì kún un, nọ́ńbà tó kù ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ kóòdù, ọ̀nà kúkúrú wà: ẹ ka gbogbo ibi tí kóòdù ti ní láti yan ọ̀nà, ẹ fi ọ̀kan kún un, ó parí. Kóòdù tí kò ní oríta kankan, ọ̀kan ni. Èyí tó ní oríta mẹ́ta, mẹ́rin ni.

Ká má parọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Ó rọrùn débi pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú. Ó sì ní ìwúlò gidi kan tí àwọn tó ń bú u kì í sábà rántí: nọ́ńbà náà ló ń sọ iye ọ̀nà tó dá dúró nínú kóòdù, ìyẹn iye ìdánwò tó yẹ kí á ṣe, ó kéré tán, kí á tó lè sọ pé a ti dán ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 12 tí ìdánwò yín jẹ́ mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé ẹ ń fi ẹ̀mí wewu. Títí di òní, ó wà nínú àwọn irinṣẹ́ tí à ń lò lójoojúmọ́. Nínú ESLint, èyí tí àwọn tó ń kọ JavaScript mọ̀ dáadáa, òfin kan wà fún un, 20 sì ni ààlà tó bá òfin náà wá bí ẹ kò bá yí i padà. Radon tí àwọn ará Python ń lò máa ń fún kóòdù ní máàkì bíi ti ilé ìwé: láti 1 dé 5 jẹ́ A, 6 dé 10 jẹ́ B, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé F fún 41 sókè.

Ẹ ṣáà ti rí i pé máàkì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe WAEC mọ ohun tí máàkì máa ń fi ojú ènìyàn rí. A ó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí oríta kíkà kò rí. A kọ kóòdù kékeré kan sílẹ̀ ní èdè Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ wò ó. Owó ni a fẹ́ san:

bí àkáǹtì bá wà ní ṣíṣí:
    bí owó bá tó:
        bí PIN bá tọ̀nà:
            san owó
        bí bẹ́ẹ̀ kọ́:
            sọ pé PIN kò tọ̀nà
    bí bẹ́ẹ̀ kọ́:
        sọ pé owó kò tó
bí bẹ́ẹ̀ kọ́:
    sọ pé àkáǹtì wà ní títì

Ẹ wo èkejì:

bí àkáǹtì bá wà ní títì: sọ bẹ́ẹ̀, kí o dúró
bí owó kò bá tó: sọ bẹ́ẹ̀, kí o dúró
bí PIN kò bá tọ̀nà: sọ bẹ́ẹ̀, kí o dúró
san owó

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Oríta mẹ́ta ló wà nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́ta ló wà nínú ti èkejì. McCabe á fún àwọn méjèèjì ní 4. Ṣùgbọ́n ojú yín ti mọ ìyàtọ̀ kí a tó sọ ọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá dé "sọ pé àkáǹtì wà ní títì" ti gbàgbé "bí" tó bí i. Ó ní láti gbé ìka sókè padà lọ wá a. Nínú ti èkejì, ìlà kọ̀ọ̀kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè gbàgbé ohun tí ẹ ti kà kọjá láìjẹ gbèsè. Àtúnṣe tó sọ igbó di pápá ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò rí i rárá.

Àwọn ẹlòmíràn ti rí àléébù yìí. Ní 1988, Martin Shepperd kọ àríwísí tó le lórí òṣùwọ̀n náà. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, nọ́ńbà McCabe kò ṣe ju ohun tí iye ìlà ń ṣe lọ, nígbà mìíràn iye ìlà tilẹ̀ máa ń borí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí McCabe sọ pé kò tó náà ló tún padà wá bá a lálejò. Lẹ́yìn bí ogójì ọdún tí àpilẹ̀kọ McCabe jáde, G. Ann Campbell ti ilé iṣẹ́ SonarSource gbé òṣùwọ̀n tuntun kalẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Cognitive Complexity. Èrò tirẹ̀ ni pé kí á wọn ìnira òǹkàwé dípò iye ọ̀nà. Oríta tó wà ní gbangba, ọ̀kan ni. Oríta tó wà nínú oríta mìíràn, méjì ni. Èyí tó tún wà nínú ìyẹn, mẹ́ta ni. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́" kọ̀ọ̀kan náà ní ọ̀kan tirẹ̀. Bí a bá fi wọn kóòdù méjì òkè yìí, àkọ́kọ́ á gba 9, èkejì á gba 3. Níbẹ̀, nọ́ńbà àti ojú jọ ń sọ òótọ́ kan náà.

Ìtẹ̀síwájú gidi nìyẹn, a sì kí i. Síbẹ̀, kíkà tí à ń ka owó náà ṣì ni. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé mọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014, Apple ní láti sáré tú àtúnṣe síta fún iPhone àti kọ̀ǹpútà Mac. Kóòdù tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ibi tó pe ara rẹ̀, ó ní ìlà kan nínú tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì: "goto fail." Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti "bí" tó wà lórí rẹ̀. Ìkejì kò ní òbí. Bí kóòdù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di dandan kó fò lọ sí òpin, kí àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù lọ tó wáyé. Nítorí pé kò tíì sí àṣìṣe kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ títí dé ibẹ̀, ó máa padà wá sọ pé kò séwu. Ìkejì yìí tò ní déédéé lábẹ́ àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé ojú tó ń yára kọjá á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Òṣùwọ̀n McCabe ńkọ́? Ìlà tó ṣèèṣì wọlé yìí kò ní "bí" kankan. Kò dá oríta tuntun sílẹ̀. Bí ẹ bá ka oríta kí ó tó wọlé, tí ẹ tún kà á lẹ́yìn tó wọlé, nọ́ńbà kan náà lẹ máa rí. Ẹni tó bá ń ka oríta kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ka ìtumọ̀, ẹni tó ń bèèrè pé "ìlà yìí, ti ta ni?" òun ló lè rí i.

Òmíràn tún wà. Àgbà wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ẹ fi òṣùwọ̀n èyíkéyìí wọn òwe yẹn. Ó kúrú, nọ́ńbà rẹ̀ máa kéré. Ṣùgbọ́n odindi tó ń sọ kò sí nínú rẹ̀. Inú ẹni tó ń gbọ́ ló wà. Báyìí ni kóòdù àwọn ọlọgbọ́n kan ṣe rí: ìlà kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ ìlà mẹ́wàá, tí gbogbo ẹgbẹ́ tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Òṣùwọ̀n á ní ó mọ́ tónítóní. Ó mọ́ lóòótọ́, fún ẹni tó ti wà nínú ilé. Ọmọ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbọ́, ààbọ̀ ló sì máa wà nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ti ara wa.

A ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tí a kò ní dárúkọ. Iṣẹ́ wa ni láti máa gbé owó àwọn ènìyàn láti àkáǹtì kan lọ sí òmíràn. A jókòó ní ọjọ́ kan, a fẹnu kò pé kò sí function kankan tó gbọ́dọ̀ ju 10 lọ lórí òṣùwọ̀n McCabe. A kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń gba kóòdù wọlé: bó bá ti ju 10, kò ní gbà á. Function kan wà nígbà náà tó jẹ́ ọba gbogbo wọn. Òun ló ń fi owó ránṣẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 23. Ẹni tó kọ ọ́ ti jápa. Kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n òfin ti dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, a gé e sí wẹ́wẹ́. Ó di function mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó ju 6 lọ nínú wọn. A sọ wọ́n lórúkọ bí ọ̀rọ̀ ṣe wá sẹ́nu: handleStep2, processRest, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tan iná àwọ̀ ewé. A ra súyà.

Òfin kan wà nínú function àtijọ́ yẹn. Ó wà ní àárín, láàárín oríta méjì, pẹ̀lú àlàyé ìlà kan lórí rẹ̀: bí báǹkì kò bá dáhùn, má ṣe fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ báǹkì bóyá ó ti gba ti àkọ́kọ́. Nígbà tí a gé e, òfin náà pín sí méjì. Apá kan wà nínú fáìlì kan, tó ń kọ àmì kan sílẹ̀. Apá kejì wà nínú fáìlì mìíràn, tó ń wo àmì náà. Àlàyé ìlà kan yẹn bọ́ sí àárín, ó sọnù.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gba iṣẹ́ pé kó jẹ́ kí kóòdù máa tún gbìyànjú nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ó ṣí function tó ń fi owó ránṣẹ́. Ìlà méjìlá ni, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3, ó mọ́ bí awo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó sọ pé kó ṣọ́ra. Ó fi ìgbìyànjú kejì sí i, ó ṣe ìdánwò rẹ̀, àwa tí a jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, a fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà di 4. Ta ló máa bẹ̀rù 4?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, báǹkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó ń gba owó, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè dé. Kóòdù wa rò pé kò gbà á, ó tún fi ránṣẹ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ pè wá láti Ìbàdàn. Owó tó fẹ́ fi ra ọjà ni wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì, àkáǹtì rẹ̀ sì gbẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dé ìdí ọjà o. Kí ni kí n sọ fún wọn?" A ní kí wọ́n má bínú, a ní owó ń padà bọ̀. Owó padà lóòótọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ ọjà kò dúró dè é.

Wọ́n fẹ́ bá àbúrò wa wí. A kò gbà. Ó ka ohun tí a gbé síwájú rẹ̀, ó kà á dáadáa. Àwa la gé ọ̀rọ̀ sí méjì, tí a fi ìdajì pamọ́ sínú yàrá mìíràn, tí a wá ń retí kó di odindi nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn wàhálà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá àpilẹ̀kọ McCabe fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún méje tí a ti ń lo nọ́ńbà rẹ̀, a kò tíì ka ìwé rẹ̀ rí. A bá ohun mẹ́ta níbẹ̀ tó jẹ́ kí ojú tì wá.

Èkíní, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé 10 kì í ṣe nọ́ńbà abàmì. Ó ní ó bọ́gbọ́n mu, ìyẹn nìkan. Bí kóòdù bá kọjá rẹ̀, ó ní kí ẹni tó kọ ọ́ wá iṣẹ́ tó dá dúró nínú rẹ̀ kó yà á sọ́tọ̀, tàbí kó tún un kọ. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ tó dá dúró. Kò sọ pé kí á mú àdá.

Èkejì, ó yọ irú kóòdù kan sílẹ̀. Ó ní ibì kan ṣoṣo tí ààlà náà ti jọ pé kò bọ́gbọ́n mu ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀ràn tí kò kan ara wọn ti tò tẹ̀lé ìbéèrè kan, bí àtẹ: bó bá jẹ́ èyí, ṣe báyìí, bó bá jẹ́ tọ̀hún, ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba irú ìyẹn láyè. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú kóòdù wa jẹ́ gan-an nìyẹn: báǹkì dáhùn báyìí, ṣe báyìí. Àyè wà fún wa látọdún 1976, a kò mọ̀.

Ìkẹta, ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dá wa lẹ́bi. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà gbogbo àwọn abala pọ̀, ṣe lẹ máa ro wọ́n pọ̀. Function wa àtijọ́ ní oríta 22, ó fi ọ̀kan kún un, ó di 23. Nígbà tí a gé e sí mẹ́sàn-án, oríta 22 náà ṣì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án sì ní ọ̀kan tirẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di 31. A ń jẹ súyà nítorí pé a sọ 23 di 31.

Ibí ni àríwísí wa sí McCabe ti yí padà. Ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀ kò pọ̀. A lè sọ pé àkọlé rẹ̀ tóbi ju ohun tó wọ̀n lọ. Iye ọ̀nà ló wọ̀n, ó sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó pè é ní ìdíjú, àwọn tó tẹ̀ lé e sì gbà pé ohun tí kò ní ọ̀nà púpọ̀ kò lè díjú. Orúkọ ńlá lórí ohun kékeré ni àléébù ìwé náà. Ohun tó kù, ti àwa òǹkàwé rẹ̀ ni. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Bírítéènì kan wà, Charles Goodhart, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin kan: bí òṣùwọ̀n bá ti di ohun tí à ń lépa, kò ní wọn nǹkan dáadáa mọ́. Àwa tí a rí àwọn tó gba A nínú ìdánwò láìmọ ohun tó wà nínú ìwé kò nílò ọmọ Bírítéènì kó tó yé wa.

Àríyànjiyàn kan náà wà láàárín ìwé méjì tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù lónìí ń kà. Robert Martin, nínú Clean Code tó jáde ní 2008, fẹ́ kí function kéré, kó tún kéré sí i. John Ousterhout, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, kọ A Philosophy of Software Design ní 2018. Ohun tó ń wá ni abala tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ jìn. Ó ní bí a bá gé nǹkan wẹ́wẹ́ jù, ẹnu ọ̀nà nìkan lá máa pọ̀ sí i. Fún àwa, Martin wúlò fún ẹni tó ń kọ function onílà irinwó, ó sì pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n Ousterhout ló mọ irú òru tí a sùn lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Òun ló tún sọ nínú ìwé rẹ̀ pé òǹkàwé ló máa ń tètè rí ìdíjú, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu òǹkàwé ló yẹ kí á ti gbọ́ bóyá kóòdù yé ènìyàn.

Kí la wá ṣe? A kó àwọn wẹ́wẹ́ yẹn jọ padà. A to ohun tí báǹkì lè sọ àti ohun tí a máa ṣe sí i sójú kan, bí àtẹ, ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. "Báǹkì kò dáhùn" ní ìlà tirẹ̀, ohun tó wà níwájú rẹ̀ sì ni function tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kí a bèèrè lọ́wọ́ báǹkì kí a tó tún gbìyànjú. Àwọn iṣẹ́ tó dá dúró lóòótọ́, bí kíkọ ìwé ẹ̀rí àti fífi àlàáàtì ránṣẹ́, la yà sọ́tọ̀. Nọ́ńbà àtẹ náà jẹ́ 14. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. A kọ ìdí rẹ̀ sórí function náà ní ìlà méjì, a sì ní kí ẹ̀rọ jẹ́ kó kọjá.

A kò yọ òṣùwọ̀n kúrò o. Ẹ má ṣì wá gbọ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, ènìyàn á fi tèmómítà wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó máa ki tèmómítà bọ omi tútù kó lè sọ pé ara ọmọ ti balẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ga báyìí, ìbéèrè la fi ń ṣe: kí ló dé? Nígbà mìíràn, oríta tó wọnú ara wọn ni, a á tú wọn sí gbangba bíi ti àpẹẹrẹ òkè yẹn. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ méjì ló wà nínú àpò kan. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló pọ̀, nítorí pé ayé báǹkì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú ìyẹn, kíkọ rẹ̀ kedere ló kù.

A sì ti dá àṣà kan sílẹ̀. Kí kóòdù tó kàn owó tó wọlé, ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á sókè, kó sì sọ ohun tó gbọ́ fún wa ní ẹnu ara rẹ̀, Yorùbá ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o. Ibi tó bá ti dákẹ́, ibẹ̀ la máa ń tún ṣe. Ó máa ń gba àkókò. Ọ̀gá kan tilẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa yẹn ló kàn láti kà. Function náà kò gùn, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5, ẹ̀rọ ti tan iná àwọ̀ ewé sí i. Ó kà á dé ìlà keje, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni flag2?"

A wo ara wa lójú. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí á jẹ́ kí òun lọ wò ó. Nígbà tó padà dé, ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ohun tó ń ṣe gan-an: báǹkì ti gba owó. Àbúrò wa bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, ó kà á títí dé òpin, kò dúró mọ́. Nọ́ńbà náà ṣì jẹ́ 5.